Páì Elégédé fún Ọjọ́ Ìdúpẹ́: Ṣé Ọ̀lẹ Ló Ń Ṣí Agolo?

Ìyàwó Àṣẹ̀ṣẹ̀gbé béèrè pé:

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin àǹtí, ẹ gbà mí o. Ìyá ọkọ mi ti dé láti Iléṣà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n máa bá wa ṣe Ọjọ́ Ìdúpẹ́ nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Mo ti fi ẹnu ara mi sọ fún gbogbo ilé pé èmi ni n ó ṣe páì elégédé. Mo ra agolo elégédé méjì sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin rí i nílé ìdáná, wọ́n ní, "Ṣé èyí lo fẹ́ pè ní iṣẹ́ ọwọ́ ẹ? Ọ̀lẹ ló ń ṣí agolo." Inú bí mi, mo bá lọ ra elégédé pupa ńlá kan tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn Halloween, dọ́là 4 péré. Ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti ọjọ́ mẹ́ta, ó ń wò mí. Báwo ni n ó ṣe sọ ọ́ di páì? Ṣé òótọ́ sì ni pé ti inú agolo kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ẹni?

---

Ìyá Oníkéèkì, Chicago:

Má fi ọ̀bẹ kan elégédé yẹn nítorí páì. Wọ́n gbìn ín kí ó lè tóbi, kí ó pọ́n, kí ó sì lè dá dúró bí ọmọdé bá gbẹ́ ojú àti eyín sí i lára. Kò sẹ́ni tó bá a ṣe àdéhùn adùn. Bí o bá là á wàá rí i: ara rẹ̀ tín-ín-rín, inú rẹ̀ kún fún okùn bí òwú tí wọ́n fà ya, omi sì ni gbogbo ìyókù.

Ó ti ṣe mí rí ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Lọ́dún 2009, òjò ba oko elégédé jẹ́ níhìn-ín ní Illinois. Ẹrẹ̀ pọ̀ débi pé ọkọ̀ ìkórè ò lè wọ oko, nígbà tó sì fi máa di November, agolo elégédé ti wọ́n bí imí eégún. Ilé ìtajà mẹ́rin ni mo yà, orí àtẹ ṣófo. Mo ní kò burú, bí a ò bá rí àdàn, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Mo gbé elégédé Halloween àwọn ọmọ mi tí wọn ò tíì gbẹ́, mo sè é, mo lọ̀ ọ́, mo pò ó mọ́ ẹyin àti mílíìkì bí ìwé ṣe wí. Wákàtí kan àtààbọ̀ ló lò nínú ófùn. Òkè rẹ̀ dì, ó ń dán. Mo ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ níwájú àlejò, omi tú jáde lábẹ́ rẹ̀, ó yí àwo ká, ó gba etí tábìlì já sórí aṣọ ẹnì kan tí n kò ní dárúkọ. Ọkọ mi ò sọ nǹkan kan. Ó kàn dìde, ó lọ mú ṣíbí ọbẹ̀ wá.

Fi tìrẹ sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kó máa ṣọ́lé. Tó bá ń dùn ọ́ pé dọ́là 4 ṣòfò, yọ kóró inú rẹ̀, fọ̀ ọ́, jẹ́ kó gbẹ, fi òróró díẹ̀ àti iyọ̀ pa á lára, yan án ní ìwọ̀n 325 Fahrenheit títí yóò fi máa ta pàpà. Ẹni tó bá jẹ kóró yẹn tán yóò gbàgbé páì.

---

Ìyá Oníkéèkì:

Ó ku ìbéèrè kejì, èyí tó bí ọ nínú.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ní agolo kún fún oògùn. Àwọn kan ní elégédé kọ́ ló wà nínú rẹ̀, pé ẹ̀tàn òyìnbó ni. Àwọn yòókù gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ.

Ti oògùn kọ́kọ́. Yí agolo Libby's, elégédé inú agolo tí a máa ń rà, padà, ka ohun tó wà nínú rẹ̀: elégédé, ó tán. Ooru ni wọ́n fi ń pa kòkòrò inú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dé e pa, kò nílò oògùn. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra, agolo méjì ló máa ń jókòó ti ara wọn lórí àtẹ. Ọ̀kan jẹ́ elégédé nìkan. Èkejì, wọ́n kọ "Pumpkin Pie Mix" sí i lára, èyíinì ti ní ṣúgà àti èròjà nínú. Ẹni tó bá mú èkejì lọ sílé tó tún da ṣúgà sí i, kí ó má bínú sí mi.

Àwọn tó ní elégédé kọ́ ni, wọ́n sún mọ́ òótọ́, wọn ò kàn dé ibẹ̀ ni. Mo ti gba Morton kọjá rí, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Peoria, níbi tí ilé iṣẹ́ tó ń di elégédé Libby's sínú agolo wà. Olú-ìlú elégédé gbogbo ayé ni wọ́n ń pe ara wọn. Mo ń wá elégédé pupa káàkiri oko, n kò rí ẹyọ kan. Nǹkan tó sùn lọ súà nínú oko rí rìbìtì, òmíràn gùn díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ bí ìkòkò amọ̀ tí iná ò tíì jó délẹ̀. Mo rò pé bàrà ni. Dickinson lorúkọ ẹ̀yà náà. Ọmọ ìyá butternut, irú elégédé mìíràn, ni, *Cucurbita moschata* làwọn méjèèjì, nígbà tí ti Halloween jẹ́ *Cucurbita pepo*. FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ nílẹ̀ Amẹ́ríkà, gbà kí wọ́n kọ "pumpkin" sára agolo ì báà jẹ́ squash (orúkọ tí òyìnbó ń pe àwọn irú elégédé mìíràn) aládùn, eléèpo líle, tí inú rẹ̀ rí bíi wúrà ló wà níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àwọn òyìnbó fi máa ń jà lọ́dọọdún pé pumpkin inú agolo kì í ṣe pumpkin, squash ni. Ìjà èdè Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, kò kàn wá. Ẹ gbé Dickinson, butternut àti ti Halloween kalẹ̀ níwájú ìyá àgbẹ̀ kan ní Ìjẹ̀ṣà, ẹ bi í kí ni wọ́n. Elégédé ni gbogbo wọn.

Ní ti ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ, ta ló ń lọ ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín lórí ọlọ mọ́? Ẹ̀rọ ló ń lọ̀ ọ́, nígbà míì ẹ̀rọ ẹlòmíì. Síbẹ̀ bí mọ́ínmọ́ín bá dùn, a kì í lọ kí ẹlẹ́rọ. Ẹni tó po èròjà, tó mọ ìgbà tó jinná, òun ló se é.

---

Bàbá Ìbejì kọ ọ́ pé:

Ẹ̀yin obìnrin ń gbèjà agolo. Mo ń gbin elégédé sẹ́yìnkùlé mi, n kò sì ra agolo rí láti ọdún mẹ́sàn-án. Adùn rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ má ba àwọn ọmọ wa jẹ́.

---

Ìyá Oníkéèkì:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò jẹ̀bi. Ẹ kàn ń sọ̀rọ̀ elégédé tó wà lẹ́yìnkùlé yín ni, àwa ń sọ̀rọ̀ èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọmọ yìí. Elégédé tútù tó dára lè ju agolo lọ, n kò jiyàn. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni àwọn èèyàn kì í sọ.

Ẹni tó bá fẹ́ lo tútù, kí ó ra kékeré tí wọ́n ń pè ní pie pumpkin tàbí sugar pumpkin, tí kò ju páùn 3 sí 4 lọ. Butternut dára. Kabocha, elégédé àwọn ará Japan, ni mo fẹ́ràn jù, torí ó gbẹ, ó sì dùn. Èyí tí ìyá mi máa ń sè nígbà tí mo wà ní kékeré ni ẹnu mi rántí nígbà tí mo kọ́kọ́ jẹ ẹ́.

Má se é nínú omi. Là á sí méjì, kó inú rẹ̀ jáde, dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí àtẹ, yan án ní 400 títí ọ̀bẹ yóò fi wọ inú rẹ̀ bíi bọ́tà. Ó lè gba wákàtí kan. Ha á, lọ̀ ọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ló wá kàn: omi ṣì wà nínú rẹ̀. Aṣọ ògì ni mò ń lò. Mo dà á sínú aṣọ, mo dì í, mo gbé e lé asẹ́ sórí abọ́ nínú fíríìjì di ọjọ́ kejì. Nígbà àkọ́kọ́, omi tó kán sínú abọ́ kún ife kan, àwọ̀ rẹ̀ bí omi ọsàn. Gbogbo omi yẹn ni ì bá wọ inú páì mi.

Ti inú agolo pàápàá, n kì í lò ó bó ṣe jáde. Mo máa ń dà á sínú ìkòkò pẹ̀lú ṣúgà àti èròjà, mo ń rò ó lórí iná kékeré fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́jọ. Wàá gbọ́ tó ń fọ̀ pùkẹ̀-pùkẹ̀. Tí ṣíbí bá la ojú ọ̀nà gba ìsàlẹ̀ ìkòkò kọjá, tí ọ̀nà náà ò sì yára pa dé, ó ti tó. Òórùn agolo á lọ, èròjà á sì jí. Bí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ bá wọlé lásìkò yẹn, yóò bá ọ níwájú iná.

Ohun kan tún wà. Ẹnì kan ní kí á máa di elégédé lílọ̀ sínú ìgò gíláàsì nílé kí á tọ́jú rẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ má dán an wò. Ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀, USDA, sọ pé kò sí ọ̀nà ilé tó fọkàn balẹ̀ láti di èyí tí a ti lọ̀ sínú ìgò, torí ó ki jù láti jẹ́ kí ooru dé àárín ìgò, májèlé botulism sì lè yọ jáde níbẹ̀. Inú fírísà ni kí ẹ kó o sí.

---

Ìyá Oníkéèkì:

Ìyàwó ní kí n kọ òdiwọ̀n. Èyí tó wà lára agolo Libby's láti 1950 ni mo fi kọ́ṣẹ́, kò sì tíì tàn mí rí: agolo elégédé oúnsì 15 kan, ẹyin 2, agolo mílíìkì evaporated oúnsì 12, ṣúgà ife mẹ́ta nínú mẹ́rin, sínámọ́nì ṣíbí tíì 1, ata ilẹ̀ gbígbẹ ìdajì ṣíbí, kànáfùrù ìdá mẹ́rin ṣíbí, iyọ̀ ìdajì ṣíbí. Ìwọ̀n 425 fún ìṣẹ́jú 15, kí o wá dín in sí 350 fún ìṣẹ́jú 40 sí 50.

Mílíìkì evaporated nìyẹn o, irú Peak tí a fi ń mu tíì nílé. Kì í ṣe condensed, èyí tó ki bí oyin. Ọ̀rẹ́ mi kan lo condensed, ó tún da gbogbo ṣúgà sí i. A jẹ ẹ́ tán, eyín ń ta wá di Sátidé.

Ní ti èròjà, mo rí i pé ẹ ń bá ara yín jà nítorí èyí tí wọ́n ti pò sínú ìgò kan. Ilé iṣẹ́ McCormick ti ń tà á láti 1934, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èmi kàn fẹ́ mọ iye kànáfùrù tó wọ oúnjẹ mi ni, torí bí kànáfùrù bá fi díẹ̀ pọ̀ jù, ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín ló máa ń rántí èèyàn. Ẹni tó sì ní òun fẹ́ràn "adùn elégédé" nítorí kọfí Starbucks, èròjà ló fẹ́ràn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta kọfí yẹn ní 2003, ọdún 2015 ni elégédé tòótọ́ tó wọ inú rẹ̀.

---

Ìyá Oníkéèkì:

Èèpo páì. Ẹni tó bá mọ fùláwà meat pie í pò ti mọ ìdajì rẹ̀. Ìdajì kejì ni òtútù. Nílé, a máa ń fi mágárínì pò ó, a ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa kí ẹran má baà bẹ́ jáde. Ti páì kò fẹ́ ọwọ́ líle. Fùláwà ife kan àti ìdá mẹ́rin, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, bọ́tà ìdajì ife tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti fíríìjì jáde. Fi ìka rún un títí yóò fi dà bíi gààrí tí kò kúnná, kí eérún bọ́tà tó tó ẹ̀wà ṣì hàn nínú rẹ̀. Omi yìnyín ṣíbí ńlá 3 tàbí 4, kó o jọ, dá a dúró níbẹ̀. Fi ọ̀rá wé e, fíríìjì fún wákàtí kan.

Lára agolo, wọ́n ní kí á da elégédé sínú èèpo tútù. N kò gbà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Mo máa ń kọ́kọ́ yan èèpo nìkan, pẹ̀lú bébà àti ẹ̀wà gbígbẹ nínú rẹ̀ kí ó má baà wú, ní 400 fún bí ìṣẹ́jú 15, kí n tó kó ẹ̀wà kúrò kí n dá a padà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i. Bí mo bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, mo fo 425, 350 ni mo ń lò títí tó fi jinná. Kìlọ̀ fún ìyá ọkọ rẹ ṣáájú. Ẹ̀wà yẹn ò ṣeé sè mọ́, ó kàn ń dúró de páì mìíràn ni, àgbàlagbà tó bá rí ọmọdé tó ń da odindi dẹ́rù ẹ̀wà sínú ófùn lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà.

Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ó jinná? Ìbéèrè tó ń ba ọ̀pọ̀ páì jẹ́ nìyẹn. Ẹ̀kọ lo máa rántí. Nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n ọn sínú ewé, ṣé ó le? Bó ṣe ń tutù ló ń dì. Páì náà rí bẹ́ẹ̀. Mú un jáde nígbà tí etí rẹ̀ ti dì, tí àárín rẹ̀ tó ẹnu ife ṣì ń mì jẹ̀lẹ́jẹ̀lẹ́ bí o bá fọwọ́ kan àwo. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí àárín á le, ẹyin inú rẹ̀ ti fún pọ̀ jù, bó bá sì ti ń tutù, yóò la. Tó bá là, da kírímù lé e lórí. Gbogbo wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

---

Ìyá Oníkéèkì:

A ti ń yà kúrò lójú ọ̀nà, àmọ́ ẹni tó wà ní Atlanta sọ òótọ́: má gbé páì elégédé lọ sílé àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà lọ́jọ́ yẹn láìbéèrè. Páì kúkúńdùnkún ni tiwọn. Kúkúńdùnkún ló ń so dáadáa ní gúúsù, níbi tí wọ́n ti mú àwọn baba ńlá wọn sìn, ọwọ́ àwọn obìnrin wọn nílé ìdáná ló sì sọ páì yẹn di ohun tó jẹ́. Mo gbé tèmi lọ sí ìpéjọpọ̀ kan níbi iṣẹ́. Páì kúkúńdùnkún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tán kí wọ́n tó gbàdúrà tán. Tèmi, ẹnì kan gé e, èmi ni.

Níbi iṣẹ́ yẹn kan náà, mo gbé búrẹ́dì elégédé dé lọ́jọ́ mìíràn, obìnrin kan tó wá láti Cuba fi ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ní òun ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, òun jẹ́ ọmọ Ochún. Mo kọ́kọ́ rò pé ìyá rẹ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀ṣun ni! Lọ́dọ̀ àwọn tó ń bọ òrìṣà ní Cuba, elégédé jẹ́ ti Ọ̀ṣun, inú rẹ̀ ló ń tọ́jú owó rẹ̀ sí, àwọn ọmọ rẹ̀ kì í sì í jẹ ẹ́. Èmi ọmọ Yorùbá dúró pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́, mò ń kọ́ èèwọ̀ Ọ̀ṣun lẹ́nu ẹni tí kò dé Òṣogbo rí. Láti ìgbà náà, mo ń béèrè kí n tó pín in.

Ẹni tó kọ̀wé pé elégédé kì í ṣe tiwa, oúnjẹ òyìnbó ni, kò mọ nǹkan kan. Òyìnbó náà bá a níbẹ̀ ni. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ gbìn ín kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi débi gbogbo. A ti ń jẹ ẹ́, a ti ń jẹ ewé rẹ̀.

---

Ìyá Oníkéèkì:

Padà sọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ. Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣeé ṣe kí wọ́n sọ. Ìyá tèmi wá kí wa, mo gé páì fún wọn, wọ́n fi ṣíbí bù ú, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Mọ́ínmọ́ín yìí, ṣé wọ́n gbàgbé ata rẹ̀ ni?" Elégédé tí wọ́n mọ̀, pẹ̀lú epo àti ata ló ń jáde. Adùn ṣúgà nínú rẹ̀ jọ wọ́n lójú bí ìgbà tí èèyàn bá da oyin sí gbẹ̀gìrì.

Ohun méjì ni mo ṣe lẹ́yìn náà. Mo dín ṣúgà páì kù sí ìdajì ife fún àwọn àgbà; ó ń dì bó ṣe yẹ. Mo sì ṣe búrẹ́dì elégédé fún wọn láti fi mu tíì. Agolo kan á fún ọ ní búrẹ́dì 2: fùláwà ife 3 àtààbọ̀, béèkíǹ sódà ṣíbí tíì 2, iyọ̀ ṣíbí kan àtààbọ̀, ẹyin 4, òróró ife 1, omi ìdá méjì nínú mẹ́ta ife, àti èròjà kan náà. Ṣúgà ife 3 ni àwọn ará ibí ń dà sí i. Mo ka iye yẹn lẹ́ẹ̀mejì nígbà àkọ́kọ́, mo rò pé àṣìtẹ̀ ni. Ife 2 ti pọ̀ tó. Ìwọ̀n 350, bíi wákàtí kan, kí igi tí o bá ki bọ àárín rẹ̀ jáde ní gbígbẹ. Má rò ó pẹ́ lẹ́yìn tí fùláwà bá ti wọ inú rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò fà bí rọ́bà. Lọ́jọ́ kejì ló ń dùn jù. Ìyá mi jẹ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní kí n kọ́ wọn.

Fún àwọn ọmọdé, da ìdajì ife elégédé sínú pọfupọ́ọ̀fù, kí o sì yọ omi tó tó bẹ́ẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Wọn ò ní mọ̀, àwọ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n á rí.

---

Ìyá Oníkéèkì:

Àwọn méjì béèrè nínú àpótí ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ mi bóyá àwọn lè máa ṣe páì yìí tà láti ilé fún Kérésì. Ní Illinois tèmi, òfin tó gba oúnjẹ ilé láàyè dárúkọ páì elégédé àti páì kúkúńdùnkún ní tààrà pé wọn ò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀, torí ẹyin àti mílíìkì inú wọn ń fẹ́ òtútù. Bẹ́ẹ̀ wọ́n sì ti fi òfin sọ páì elégédé di páì ìpínlẹ̀ náà ní 2015! Ẹ lè bọlá fún un, ẹ ò gbọdọ̀ tà á láti ilé ìdáná yín. Búrẹ́dì elégédé kò ní wàhálà yẹn, òun ni mò ń tà lẹ́yìn tí mo forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀ka ìlera. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ẹ béèrè kí ẹ tó tẹ káàdì.

Ọ̀rọ̀ òtútù yìí kan ẹni tí kò tà náà. Páì elégédé kì í sùn lórí tábìlì. Láàárín wákàtí méjì lẹ́yìn tó bá jáde nínú ófùn, fíríìjì, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Mo mọ̀ wá níbi òde. Oúnjẹ á ti wà nílẹ̀ láti aago méjìlá, aago méje alẹ́ ẹnì kan ṣì ń ní "ẹ dì í fún mi n ó gbé e lọ."

---

Ìyàwó Àṣẹ̀ṣẹ̀gbé kọ ọ́ pé:

Àǹtí, ẹ ṣé o. Agolo ni mo lò. Mo rò ó nínú ìkòkò bí ẹ ṣe wí, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ìdáná, wọ́n béèrè ibi tí mo ti ra èròjà. Páì náà la ní àárín, mo da kírímù lé e. Ìyá ọkọ mi jẹ ẹ́ tán, wọ́n ò bú mi, wọ́n ò yìn mí. Wọ́n kàn lọ dúró níwájú elégédé ẹnu ọ̀nà, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Gbọ̀rọ̀ rẹ̀ dà?" Mo ní wọn kì í tà á pẹ̀lú ewé. Wọ́n ní, "Wọ́n ń gbin elégédé, wọ́n ń da gbọ̀rọ̀ rẹ̀ nù?" Wọn ò tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ yẹn látàná. Kí ni n ó wí fún wọn?

---

Ìyá Oníkéèkì:

Ará Iléṣà! Mo yẹ kí n ti mọ̀.

Kóró inú elégédé ẹnu ọ̀nà yẹn, má yan gbogbo rẹ̀. Yọ bí ogún sọ́tọ̀, àwọn tó sanra, fọ̀ ọ́, sá a sórí bébà títí yóò fi gbẹ pátápátá, kó o sínú àpòòwé. Ní ìparí oṣù May, nígbà tí yìnyín ò bá lè já bọ́ mọ́, gbìn wọ́n sẹ́yìnkùlé, ẹyọ méjì sínú ihò kan. Má dúró de èso. Bó bá ti ń fà nílẹ̀, já ọ̀mùnú rẹ̀ ní àárọ̀, bó èèpo onírun ara ọ̀pá rẹ̀ kúrò, kí o sì se é bí ìyá ọkọ rẹ bá ṣe ní kí o se é. Béèrè lọ́wọ́ wọn nísinsìnyí, kọ ọ́ sílẹ̀. Egúsí wà ní ọjà àwọn ará Áfíríkà, irú náà sì wà.

Bàbá Ìbejì, ẹ ṣé ẹ lè fún ọmọ yìí ní gbọ̀rọ̀ díẹ̀ tó bá di July, kí tirẹ̀ tó fà?